Bẹ́ǹṣì Káfíńtà Tí A Ń Kàn Ní Enugu Road: Ibi Tí A Bá Iṣẹ́ Dé

 

Wọ́n ní kí àwa tí iṣẹ́ bẹ́ǹṣì wà lọ́wọ́ wa dìde, kí a sọ ibi tí a bá a dé. Ìwé mẹ́fà la kà, ìṣó àti àgádágodo la sì ń tà, nítorí náà kí ẹ má ṣe retí ọ̀rọ̀ ńláńlá. A mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ. Ẹ ní ọdún méjì gbáko lórí tábìlì kan ṣoṣo! Ẹnìkan tilẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó bi wá bóyá ìtẹ́ ọba là ń kàn. A bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn, nítorí pé owó tí à ń ná kì í ṣe owó wa. Owó ẹgbẹ́ ni. Owó àwọn ìyá tí ń ta ata wà níbẹ̀, owó àwọn tí ń ru ẹrù náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rán ara wa létí ìdí tí a fi bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé Yorùbá ti wà ní Ayagi nínú ìlú Kánò kí òyìnbó tó dé, ṣùgbọ́n ojú irin ni ó kó púpọ̀ nínú àwọn bàbá tiwa wá. Rélùwéè dé Kánò ní 1911, kò sì pẹ́ tí ìjọba fi gé ilẹ̀ Sabon Gari fún àwa àlejò. Kì í ṣe akọ̀wé àti oníṣòwò nìkan ló wá nígbà náà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bá wọn wá: bíríkìlà, télọ̀, alágbẹ̀dẹ, káfíńtà. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ tí ó kù ládùúgbò wa, àwọn tí fèrèsé wọn ṣì jẹ́ ti igi, tí ilẹ̀kùn wọn ṣì ń tì dáadáa láìjẹ́ pé a fi èjìká tì í. Irú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá ka iye káfíńtà Yorùbá tí ó kù ní Enugu Road lónìí. Lẹ́yìn bọ́ǹbù tí ó dún ní Sabon Gari ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2013, àwọn mìíràn kó ẹrù wọn padà sílé, a kò sì bá wọn wí. Ikú mú àwọn mìíràn lọ. Àwọn ọmọ wọn kò jogún ayùn. Àga tí ẹ jókòó lé yìí, rọ́bà ni. Kọ́bọ́ọ̀dù tí à ń rà fún ìyàwó tuntun, eruku igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni. Bí òjò bá kán sí i lẹ́ẹ̀mejì, yóò wú bí àkàrà, ó parí.

Bàbá kan ló kù fún wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ọ̀fà. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ní ọdún 2023 ni wọ́n wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa múra àtilọ sílé, nítorí pé ojú ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn mọ̀wé, Ọlọ́run ṣeun, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó mọ ẹ̀yìn ìfági yàtọ̀ sí iwájú rẹ̀. Wọ́n wá bi wá pé, “Ta ni kí n kó irinṣẹ́ mi fún?” A kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, ẹgbẹ́ ní kí a mú ọmọkùnrin márùn-ún tí kò rí iṣẹ́ ṣe, kí Bàbá fi ohun tí wọ́n mọ̀ lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ. Ẹgbẹ́ fún wa ní ẹ̀yìnkùlé kan tí a lè lò. Àwa tí à ń ta ìṣó ni wọ́n fi ṣe alábòójútó, wọ́n ṣe bí pé ẹni tí ń ta ìṣó ló mọ igi.

Gbogbo wa rò pé Bàbá yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpótí ìjókòó tàbí fèrèsé. Bàbá ní rárá, bẹ́ǹṣì tí wọn yóò máa dúró tì ṣiṣẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ kàn, ọwọ́ ara wọn ni wọn yóò sì fi kàn án. A ní káfíńtà kan wà lọ́nà ibẹ̀ yẹn tí yóò fi ìṣó kan bẹ́ǹṣì fún wa láàárín ọjọ́ méjì. Bàbá kò jiyàn. Wọ́n mú wa lọ síbi irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí ọ̀kan nínú wa fi ìfági fá igi lórí rẹ̀. Bí a ti ti ìfági síwájú, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ǹṣì ń bá a lọ. Ìṣó ti tú nínú ihò rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jó. Bàbá ní pákó tí a bá fá lórí ohun tí ń jó kò lè tẹ́jú; bí pákó kò bá tẹ́jú, férémù kò lè gún; bí férémù kò bá gún, oníbàárà yóò pe ilẹ̀kùn náà ní ti olè. Ọ̀rọ̀ yẹn tó wa.

Nísinsìnyí a dé orí igi, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọjọ́ wa lọ sí. Igi tí a rà ni èyí tí àwọn Hausa ń pè ní maɗaci, ìbátan ọ̀gànwó tiwa. Òun náà ni ẹ ń rí tí wọ́n gbìn sẹ́bàá ọ̀nà káàkiri Kánò fún ibòòji. Pákó mẹ́ta la rà lọ́wọ́ àwọn 'Yan Katako ní oṣù kọkànlá 2023, ẹsẹ̀ bàtà 7 ní gígùn, ínṣì 8 ní fífẹ̀, ínṣì 3 ní nínípọn. Ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, owó ọkọ̀ ti fò sókè, nítorí náà owó tí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ kò ra ju pákó méjì lọ. Àjọ la fi ra ẹ̀kẹta.

Pákó dé, àwọn ọmọ mú ayùn, Bàbá ní kí wọ́n gbé ayùn sílẹ̀. Igi náà tutù. Ẹni tí ó bá ti gbé Kánò mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe sí ètè ọmọ ènìyàn. Ohun kan náà ni ó ń ṣe sí igi. Igi tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ yóò súnkì bí omi ti ń jáde, bí a bá sì ti kàn án mọ́ nǹkan kí ó tó súnkì tán, yóò sán tàbí kí ó lọ́. Àwọn àgbà oníṣẹ́ igi a máa ní ọdún kan fún ínṣì kan. Nígbà tí a gbọ́ èyí tí a sì wo ínṣì 3, ojú wa wálẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ní Kánò kì í ṣe Ìbàdàn. Afẹ́fẹ́ ibí máa ń tètè fa omi, ohun tí a ó máa ṣọ́ ni kí ó má fà á jù. A to pákó náà sábẹ́ ibòòji, a fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, a sì fi ọ̀dà kun orí àti ìdí wọn, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde kíákíá jù, ibẹ̀ ni igi sì ti ń kọ́kọ́ là.

Báwo ni a ó ṣe mọ ìgbà tí ó bá gbẹ? Níbí ni àwa oníṣòwò ti wúlò díẹ̀. Ẹnìkan nínú wa tí ń ta ẹ̀wà yọ̀ǹda òsùwọ̀n rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣooṣù, àwọn ọmọ a gbé pákó kọ̀ọ̀kan lé e, wọn a kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Kílò 34 ni èyí tí ó tóbi jù nígbà tí a rà á. Ní oṣù kẹta 2024 ó ti di 29. Òjò dé ní oṣù kẹfà, ó dúró, ó tilẹ̀ tún gùn díẹ̀. Ọyẹ́ kejì mú un wá sí 27, nígbà tí ó sì wà ní 27 ní oṣù kìíní, ìkejì àti ìkẹta 2025, Bàbá ní omi tí yóò jáde ti jáde. Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ wa, ẹni tí ó bá fẹ́ lè wò ó. Kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà fi ìbínú mú kí igi gbẹ.

Kí ẹ má rò pé àwọn ọmọ káwọ́ gbera ní gbogbo àkókò yẹn. Oṣù méjì ni wọ́n fi kọ́ bí a ti ń pọ́n irin. Bàbá fún wọn ní òkúta ìpọ́nrin àti òróró, wọ́n ní ṣísẹ̀lì tí kò bá lè fá irun apá ẹni kò tíì mú. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, apá ọ̀tún gbogbo wọn ní irun, ti òsì dán bí ti ọmọdé. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa ń wó ilé àtijọ́ rẹ̀, ó sì ta wá lọ́rẹ òpó ìrókò mẹ́rin tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Igi tí ó ti dúró ní Kánò láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé, kí ni ọyẹ́ fẹ́ tún rí fà nínú rẹ̀? A kò dúró de èyí.

Kò sí ìṣó kan nínú ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà. Ẹnu wa tí à ń ta ìṣó lẹ fi ń gbọ́ ọ. A gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin sínú òpó, a gé orí igi kejì kù kí ó rí bí ahọ́n, a sì ti ahọ́n bọ ihò. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, igi ìdábùú mẹ́rin nísàlẹ̀, méjì lókè, àti orí ẹsẹ̀ mẹ́rin tí yóò wọ inú pákó òkè: ẹ bá wa ṣírò rẹ̀, ihò mẹ́rìndínlógún ni. Ihò kan a máa gba ìrọ̀lẹ́ kan gbáko lọ́wọ́ ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́, nítorí ìrókò kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú nìkan, tí ọjà bá dákẹ́, ni a sì ní. Ìyẹn oṣù mẹ́rin ti lọ, a kò tíì ka ọjọ́ tí òkú ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tàbí tí Bàbá rẹ̀. Ihò tí ó bá fẹ̀ jù ní ìwọ̀n èékánná, Bàbá a ní kí wọ́n fi ègé igi dí i, kí wọ́n tún un gbẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọlé tán, a fi èèkàn ayan, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kirya, gún wọn pọ̀. Ẹ lọ tì í. Ẹni tí ó bá lè mú kí ó jó, a ó fún un ní dọ́sìnnì kan nínú àgádágodo wa.

Ẹni tí ó bá ní ọdún méjì ti pọ̀ jù, kí ó rántí Lámídì Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún. Ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi iṣẹ́ hàn án. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn Fadá Ìjọ Àgùdà ní ibi iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì láàárín 1947 sí 1954, ó lọ jókòó sábẹ́ George Bándélé ọmọ Àrẹ́ògún, ó sì fi ọdún mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin yìí ló padà di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí àwọn ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ wà nílé lóko kí ó tó papòdà ní 2009. Àwa kò sọ pé àwọn ọmọ wa yóò di Fákẹ́yẹ. A kàn ń sọ pé kò sí ẹni tí ó bi í pé kí ló ń pẹ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n a kò ní í fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun tí ìpẹ́ yìí ná wa. Ọmọ márùn-ún la mú, mẹ́rin ló kù. Ẹ̀karùn-ún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúró jù nínú wọn, tí Bàbá máa ń pè láti wá wo ohun tí ojú àwọn kò rí mọ́, bàbá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ nínú àìsàn ní ọdún tó kọjá. Àbúrò mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ǹṣì kò lè san owó ilé ìwé. Ó gba kẹ̀kẹ́ Adaidaita Sahu kan tí yóò máa jíṣẹ́ fún olówó rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń wà á láti àárọ̀ di alẹ́. Nígbà tí ó wá sọ fún Bàbá, Bàbá kò sọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n mú ṣísẹ̀lì tí ó máa ń lò, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí. A kò dá ọmọ náà lẹ́bi, kí ẹnikẹ́ni má sì dá a lẹ́bi létí wa. Àwọn ìgbà kan wà tí ó máa ń dá kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ Àìkú, tí yóò wọlé wá wò wọ́n díẹ̀, kí ó tó lọ gbé èrò. Bí ẹgbẹ́ bá ti ní owó oúnjẹ díẹ̀ tí à ń fún àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, bóyá kò ní lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ lónìí, ẹ jẹ́ kí èyí wọ inú ìṣirò yín kí ó tó kan bẹ́ńdéèdì àti ìlù.

Iṣẹ́ pákó òkè ni ó gba àwọn oṣù tí ó kẹ́yìn. Ìfági ọwọ́ la lò, nítorí iná mànàmáná wa ẹ mọ̀ ọ́n. Bàbá kọ́ wọn láti gbé ọ̀pá méjì tí ó gún sórí pákó, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi ojú kan wò ó. Bí ọ̀pá méjèèjì bá bá ara wọn dọ́gba, pákó tẹ́jú. Bí apá kan ọ̀pá ẹ̀yìn bá yọ lókè, pákó lọ́, ibẹ̀ ni kí wọ́n fá. Wọ́n fá a, wọ́n wò ó, wọ́n fá a. Eruku igi tí wọ́n gbá kúrò níbẹ̀, ìyá alákàrà kan fi dáná fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun kan yà wá lẹ́nu níbẹ̀ tí a kò mọ̀ pẹ̀lú gbogbo ọdún tí a fi ń ta ìṣó: igi kì í kúrú bí ó bá gbẹ, fífẹ̀ rẹ̀ ló máa ń dín, bí òjò bá sì dé yóò tún fẹ̀ padà. Nítorí náà orí bẹ́ǹṣì kò gbọdọ̀ há mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin. Ihò tí orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò wọ̀, Bàbá ní kí wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ sí ìhà kan, kí igi lè rí ibi mí sí láàárín ọyẹ́ àti òjò.

Ibi tí a dé nìyí. Ẹsẹ̀ ti dúró. Pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan. A wọn gíga rẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n bá dúró ṣánṣán, kí ẹ̀yìn má baà máa dùn wọ́n bí wọ́n bá ń fá igi. Ohun tí ó kù ni fáìsì, irin onísúkúrù tí yóò máa di igi mú ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì. Àyè rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì rí owó rẹ̀. À ń fẹ́ fáìsì méjì, àti páànù tí yóò bo ẹ̀yìnkùlé náà kí òjò tó ń bọ̀ tó dé. Ẹni tí ó bá ní páànù ògbólógbòó nílé, kò ní láti jẹ́ tuntun. Iye tí a ti ná, pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, wà lọ́wọ́ akápò, a kò fi kọ́bọ̀ kan pamọ́ fún yín.

Àkókò ló ń lé wa. Bàbá Ọ̀fà ti sọ pé lẹ́yìn Iléyá tí ń bọ̀ àwọn yóò wọkọ̀ lọ sílé, àwọn ẹbí sì ti ń tún yàrá wọn ṣe ní Ọ̀fà. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ lórí bẹ́ǹṣì náà, ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga onígi, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Oṣù díẹ̀ ló kù. A ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọdún kan kún un, wọ́n ní ojú àwọn kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa. Nítorí náà ni a kò ṣe lè dúró de ìfilọ́lẹ̀ mìíràn.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó gbé orí bẹ́ǹṣì lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó ni a pè. Pákó náà wúwo gan-an lórí òsùwọ̀n oníẹ̀wà, a sì gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ gúnrégé kí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè gba ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà yóò gba ènìyàn mẹ́fà. Àwọn ọmọ jẹ́ mẹ́rin. Èyí tí ń wa kẹ̀kẹ́ ti ránṣẹ́ pé òun yóò wá. Ó ku ẹnìkan, a kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ Bàbá.